Ògiri Tó Kọjú sí Bàbá Àgbà

Ọkùnrin tó wá bá mi fi fáànù tí ń fa èéfín jáde sí ilé ìdáná mi lọ́dún yìí kò tíì sọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ tó fi bi mí pé, "Mà, ṣé Dádì wà nílé? Kí wọ́n wá fi ibi tí a máa lu hàn mí." Mo wò ó títí. Ilé ìdáná tí èmi fúnra mi ń dáná nínú rẹ̀ ni, ọkọ mi tó ń pè ní Dádì yìí kò sì mọ ibi tí a ń kó ṣíbí sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ ọlọ́mọ. Ìbínú tó ti wà nínú mi láti kékeré ló ṣèèṣì fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo na ìka sí ògiri, mo ní, "Ibẹ̀ yẹn ni èéfín máa gbà jáde. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó ní ó dáa, Mà. Bó ṣe ń lu ògiri tí eruku ń dà sílẹ̀, ọkàn mi ti lọ sí ilé wa ní Ọ̀wọ̀, sí ọdún tí odindi mọ̀lẹ́bí jókòó tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí ihò kan ṣoṣo.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló kọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú. Wọ́n fi táìsì funfun bo sàréè rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí apá orí. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn ọkùnrin ilé wa ṣe ń sọ̀rọ̀ sàréè náà lọ́dún tí mo ń wí yìí á rò pé a kì í sún mọ́ ọn. Irọ́ ni. Orí rẹ̀ ni a ń jókòó sí bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí pé táìsì máa ń tutù. Ibẹ̀ ni èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni a ń sá aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi sí, ewúrẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti fi ibẹ̀ ṣe ibùsùn. Kò sí ẹni tó bínú sí ewúrẹ́ rí. Bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ gbálẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ kí ọkọ rẹ̀, á sọ ohun tí a jẹ sùn fún un, á wá lé ewúrẹ́ dìde.

Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń dáná tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ahéré páànù kan tí kò ní ògiri. Bí a bá dá iná igi níbẹ̀, èéfín á bá tirẹ̀ lọ sókè, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ Dádì Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó di olórí ilé lẹ́yìn ikú Bàbá Àgbà, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkọ̀ nílò ibi tí òjò kò ti ní pa á. Ló bá ní kí wọ́n mú ògiri yí ahéré wa ká, ó gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ó ní kí àwọn obìnrin máa lọ dáná lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ta wá lọ́rẹ. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin náà ti wọ inú ilé." Àwọn obìnrin tó ń wí kò ju màmá mi àti Ìyá Àgbà lọ, torí ìyàwó tirẹ̀ ti kú, màmá mi ló sì ń se oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ṣe rí. Apá ẹnu ọ̀nà nìkan ni àgbàlagbà ti lè nàró. Bí o bá ṣe ń wọlé sí i ni àjà ń wálẹ̀ sí ọ lórí, títí tí wàá fi máa tẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Ìkángun ibi tó rẹlẹ̀ jù yẹn ni sítóòfù wà, nítorí pé àpò gàrí, agolo epo àti odó ti gba iwájú. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Ògiri kan kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wọ pálọ̀, ìkejì ni ògiri yàrá Dádì Àgbà, ẹ̀kẹta nìkan ló kan ìta, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an sì ni Bàbá Àgbà dùbúlẹ̀ sí. Màmá mi ga. Ọrùn títẹ̀ ló fi ń ro ọbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè, erùpẹ̀ bàtà onítọ̀hún á máa bọ́ sí i lórí gèlè. Olùkọ́ ni o, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń dìde kí bó bá wọlé.

Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ àárọ̀ ilé náà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì á kọ́kọ́ lù, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà rédíò Dádì Àgbà, tó máa ń yí ohùn rẹ̀ sókè kí a lè mọ̀ pé ó ti jí. Màmá mi á wá pọ́ǹpù sítóòfù, kẹrosíìnì á rùn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé omi ìwẹ̀ mi ti wà lórí iná. Ọmọdé ni mí, mo rò pé bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn, pé bí ènìyàn bá ti di ìyá ilé, á máa wúkọ́ láàárọ̀. Ìgbà tí mo sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsúàdà, tí ìyá rẹ̀ ń dáná tó sì ń kọrin láìdánudúró, ni mo bi ìyá náà bóyá ara rẹ̀ kò yá ni kò fi wúkọ́.

Nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé màmá mi lọ sí kíláàsì, bàbá mi mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà gbé nǹkan àyẹ̀wò lé e láyà, ó ní àyà rẹ̀ ń súfèé. Ó ní kó jìnnà sí èéfín, àbí kí wọ́n wá ọ̀nà mú èéfín jìnnà sí i, pé bí wọn kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, oògùn tí òun ń kọ yìí, àṣedànù ni. Mo gbọ́ torí pé èmi ni mo gbé báàgì màmá mi dání. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó lè pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ náà ló gbé páálí kan wọlé, fáànù onígun mẹ́rin kékeré sì wà nínú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Màmá mi nù ún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní eruku. Mo fẹ́ràn bàbá mi gidigidi nítorí fáànù yẹn, kò sì yẹ kí n fi ìyókù pamọ́, pé rírà tó rà á ni ìgboyà rẹ̀ parí sí.

Nítorí kì í ṣe òun ló ni ògiri. Dádì Àgbà ní a kì í ṣàdédé lu ilé tí bàbá ẹni kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèpàdé. Àbúrò wọn tó kéré jù, Bọ̀ọ̀dá Rótìmí, wá láti oko rẹ̀ ní Ìpele, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó ní pálọ̀. Wọn kò pe màmá mi, ẹni tó ń wúkọ́. Wọn kò pe Ìyá Àgbà, ẹni tó ni òkú. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ń gún iyán tí àwọn onípàdé máa jẹ, ìró ọmọ odó sì ń bo ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èmi àti màmá mi gbé oúnjẹ wọlé ni Dádì Àgbà ń bi bàbá mi pé, "Ibi tí o fẹ́ lu yẹn, orí ta ni ó kọjú sí?"

Bàbá mi ní, "Orí Bàbá ni, sà."

"Ẹ wá fẹ́ máa fẹ́ èéfín ata lu Bàbá lójú nínú ibojì. Ẹ fẹ́ kí Bàbá máa wúkọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Títí dòní ni inú ń bí mi pé kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tó ti kú, tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ni wọ́n ń ṣàníyàn ikọ́ rẹ̀, màmá mi sì dúró níwájú wọn, ó gbé àwo iyán dání, ó ń pa ikọ́ tirẹ̀ mọ́ra kí itọ́ má baà ta sí oúnjẹ wọn. Wọ́n fẹnu kò pé kí fáànù náà kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé atẹ́gùn máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Màmá mi gbé àwo kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá kọjú sínú ilé, inú ilé náà ni èéfín máa wà."

Dádì Àgbà ti ń fọwọ́. Ó ní, "Ìyàwó, a gbọ́. Iyán yìí kúnná. Ẹ bu ọbẹ̀ sí i fún wa."

Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, bó ti pẹ́ tó nílé náà. Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kò rán an létí. Bí iṣu bá jóná, wọ́n á ní bóyá bí wọ́n ṣe ń sè é ní Àkókó nìyẹn. Òun á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe Láńre, ọmọ ìjọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ iná. Nítorí pé àjà wálẹ̀ níbi tí sítóòfù wà, ihò náà kò lè lọ sókè, ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí, ní déédéé èjìká mi nígbà náà. Láńre dọ̀bálẹ̀ lórí àpò gàrí kó tó lè de nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan. Ó tan án. Ó kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ṣùgbọ́n mo jẹ́rìí rẹ̀, ó fa èéfín. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Dádì Àgbà pe àwọn àgbà ìjọ wá jẹun. Màmá mi gbé epo pupa kaná, ó da ata lílọ̀ sí i, gbogbo èéfín náà sì yí padà, ó gba ihò yẹn lọ gbáà. Mo wo ojú màmá mi. Kò wúkọ́. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò dé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. N kò mọ̀ pé ó ní ohùn tó dára bẹ́ẹ̀.

Kò tíì kọ ẹsẹ kejì tán tí pálọ̀ fi dàrú. Ata ti bá àwọn àgbà ìjọ lórí àga. Ẹnì kan ń sín, ẹnì kan ń wá omi, wọ́n ń fi aṣọ nu ojú, wọ́n ń túká lọ sí ìta. Dádì Àgbà fa aṣọ ìkélé ilé ìdáná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ìyàwó, irú ata wo nìyí? Ṣé ata Àkókó lẹ fẹ́ fi pa àlejò mi?" Ata tí Ìyá Àgbà gbìn sẹ́yìn ilé ni. Màmá mi ní, "Ẹ má bínú, sà." Kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́, wọ́n ti já wáyà fáànù, wọ́n fi páálí dí i, wọ́n sì lẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ má baà burẹ́wà. Ọdún Ìtura ni wọ́n kọ gàdàgbà sórí kàlẹ́ńdà náà. Ní tèmi, n kò tún lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtura lórí pẹpẹ kí n má rántí ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ sì ni ọ̀tá ẹni tí àyà rẹ̀ kò dá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọrogùn bọ́ sílẹ̀. Màmá mi ti jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wá èémí, èémí kò wá. Ìyá Àgbà mú un ní apá kan, èmi mú un ní apá kejì, a wọ́ ọ jáde, ibi tó tutù tó sì sún mọ́ wa ni a tẹ́ ẹ sí, orí sàréè Bàbá Àgbà. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó na ẹnu sókè, ó ń fa atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà ń fi iró rẹ̀ fẹ́ ẹ. Dádì Àgbà jáde, ó wò wá, ó ní kí a gbé e kúrò lórí Bàbá. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàtúnṣe àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi gbé màmá mi lọ sí ọsibítù, wọ́n dá a dúró mọ́jú, nígbà tó padà dé, abẹ́ àtẹ̀gùn náà ló padà sí, nítorí pé ebi ń pa gbogbo wa.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Ṣọlá, ọmọ Dádì Àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, fi ẹ̀rọ amúlétutù ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá eruku lórí sàréè. Láńre ti lu ògiri. Ògiri tó kọjú sí Bàbá Àgbà gan-an ni, ní apá yàrá Dádì Àgbà, kò jìnnà sí ibi tí bàbá mi ti fẹ́ lu tirẹ̀. Wọ́n gbé àpótí onírin ńlá kan kọ́ ọ, ó ń dún, ó ń tu ooru jáde bí ẹnu ààrò, omi sì ń kán láti ìdí rẹ̀ sórí táìsì, lé orúkọ Bàbá Àgbà. N kò bọ́ bàtà tí mo fi sáré lọ pe màmá mi. Ó jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo àpótí náà, ó wo omi, ó lọ kan ilẹ̀kùn Dádì Àgbà. Ìyá Àgbà, tó ń bó ẹ̀gúsí nítòsí, dìde tẹ̀ lé e.

"Bàbá Ṣọlá," màmá mi ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Ẹ̀yin lẹ ní èéfín mi á mú Bàbá wúkọ́. Ooru tí ẹ ń tú lé wọn lórí yìí ńkọ́, ṣé ara ò ní ni wọ́n? Omi yìí ńkọ́, ṣé òtútù ò ní mú wọn?"

Kò kúnlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó dúró bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, bó sì ṣe dúró ṣánṣán, ó ga jù ú lọ.

Dádì Àgbà ní, "Ìyàwó, èyí yàtọ̀. Ohun ìgbàlódé ni èyí."

"Ìgbàlódé ni fáànù náà, sà."

"N ò sọ pé ẹ ò ní í rí i ṣe. A máa ṣèpàdé lé e lórí."

Ìyá Àgbà ló dáhùn. Ìyá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ bí àwa ọmọ ilé ìwé, Ọ̀wọ̀ ló ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, *ulé* ló ń pe ilé. Ó ní, "Òkú ta lẹ ń ṣèpàdé rẹ̀? Èmi ni mo fẹ́ ọkùnrin yẹn. Ulé ìdáná ló ń gbé ní gbogbo ayé rẹ̀. Bí mo bá ń dín ata, á wá jókòó tì mí, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, á ní kò sí ohun tó ń ṣe òun, kí n ṣáà bu tòun wò. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó bi mí." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ. "Ẹ ṣèpàdé yín. Ulé ìdáná ni ẹ ó ti ṣe é."

Ìyá tó bí wọn ni, kò sẹ́ni tó lè ní kó dákẹ́. Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Rótìmí wá, Ìyá Àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n tẹrí ba torí àjà. Dádì Àgbà jókòó sórí àpò gàrí. Ó ní kí wọ́n pa sítóòfù, Ìyá Àgbà ní oúnjẹ wọn ló wà lórí rẹ̀. Màmá mi sì da ata sínú epo, bó ṣe máa ń dà á, kò fi kún un. Bọ̀ọ̀dá Rótìmí bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó ti ń dúpẹ́ fún ẹ̀mí ni ikọ́ ti gbé e. Kò dé àmín. Wọ́n ń ti ara wọn jáde, Dádì Àgbà fi orí gbá àjà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ dì mọ́ ògiri ìta, wọ́n jókòó sórí Bàbá Àgbà, wọ́n ń wúkọ́. Ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi tó kán láti ara ẹ̀rọ náà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ nu ojú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo máa lu ògiri yìí lọ́la." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ju ọwọ́. Èmi ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn, màmá mi ṣì wà nínú èéfín náà, ó tẹ ọrùn, ó ń ro ọbẹ̀ kó má baà jó. Kò sẹ́ni tó rántí pé kó jáde.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Láńre fi lu ihò náà. Inú bí mi sí bó ṣe yá tó, inú ṣì ń bí mi. Ìgbà tí èéfín fi wá ọ̀nà jáde nílé wa, ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe sí àyà màmá mi, oògùn àfàsímú kò sì kúrò nínú báàgì rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Dádì Àgbà ti kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni a sin ín sí, fáànù náà sì ń fẹ́ èéfín ata sí àwọn méjèèjì. N kò gbọ́ pé ọ̀kankan nínú wọn wúkọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi wá wo ilé ìdáná mi. Ó ti darúgbó, àmọ́ bó ṣe wọlé ló tẹ ọrùn, bó ṣe máa ń ṣe nínú ilé ìdáná èyíkéyìí, bí àjà rẹ̀ ti wù kó ga tó. Mo tan fáànù. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo ibi tí ihò náà wà, lókè sítóòfù, tó kọjú sí gbangba.

Ó ní, "Fúnmi, ta ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó lu ibẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà."

Ó mi orí. Ó nàró, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí n gbé ata wá.